Màmá Rachel Ifádùnní Adéṣọkàn, Ẹni Tó Ní Kí A Sọ Ìtàn Ẹnìkejì Wa (1948–2025)

Agbo ilé Alápó ní Ọ̀rányàn, Ìbàdàn, ni a ti bí Màmá wa ní ọdún 1948. Bàbá wọn ni Olóògbé Obed Ọlátúndé, olùkọ́ ilé ìwé ìjọ Áńgílíkà, láti ẹ̀ka Ògúnrìndé. Ìyá wọn ni Olóògbé Jemima, aránṣọ, ọmọ àdúgbò Bẹyẹrúnkà. Bàbá ní oṣù kẹta ni Màmá dé ayé. Ìyá búra pé iṣu tuntun ti wọ ọjà kí òun tó rọbí. Màmá kò dá ẹjọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gba ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí, àwa ọmọ la sì ń rà á.

Rachel ni wọ́n jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ifádùnní ni àwọn àgbà ẹ̀ka Ifáyẹmí, tí wọ́n jọ ń gbé agbo ilé, sọ wọ́n. Wọ́n ń jẹ́ méjèèjì.

Ní 1954 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nítòsí Màpó. Ní 1967 wọ́n gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ní 1973 wọ́n gboyè nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀. Ní 1975 wọ́n fẹ́ Olóògbé Ọláolúwa Adéṣọkàn, awọnlẹ̀ ní Òkè-Àdó. Bàbá fẹ́ràn ààlà, Màmá fẹ́ràn ìbéèrè. Ilé náà kì í pa rọ́rọ́, ṣùgbọ́n ó dùn.

Láti 1980 títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2008, wọ́n kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé ìrònú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pósítímódàn lé orí. Ìrònú yìí kò gba ìtàn ńlá kankan gbọ́ tó bá ní òun nìkan ló mọ òótọ́ ayé, ìbáà jẹ́ ti òyìnbó amúnisìn, ti ìjọba, tàbí ti àwọn àgbà ilé. Ó ń bèèrè pé: ta ló ń sọ ọ́, ta ni wọn kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀? Àwọn baba ńlá wa ti ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Màmá ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka ìwé ìtàn tán, dandan ni kó tún orí kan kọ lẹ́nu ẹni tí kò sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ rárá. Òǹkọ̀wé ni púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà lónìí.

Àwọn kan nínú ìjọ ní ìwé ti pọ̀ jù fún Rachel. Síbẹ̀ Màmá kì í pa ìsìn òwúrọ̀ jẹ, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ní Ìhìnrere mẹ́rin ni Ọlọ́run fi sọ ìtàn Ọmọ Rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n Màmá kò gba ìgbàkugbà. Nígbà ìdìbò 2019, ọmọ ọmọ wọn, Olúwafẹ́rànmí, ní irọ́ tí wọ́n ń pín lórí fóònù kò burú, pé kálukú ló ní òótọ́ tirẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: “Fẹ́rànmí, tí wọ́n bá gbá ẹ létí, ṣé ìtàn ẹni tó gbá ẹ ni ò ní jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ wú? Bi gbogbo èèyàn léèrè, àmọ́ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà.”

Èyí tó kàn wá jù ni ti ilé. Láti 2012 tí mọ́gàjí wa ti jáde láyé, a kò ní olórí. Ẹ̀ka Ògúnrìndé ní jagunjagun baba àwọn ló kọ́kọ́ dé, tó fún Ifáyẹmí níbi tí yóò sùn. Ẹ̀ka Ifáyẹmí ní àlejò ni Ògúnrìndé, òjò ló lé e wọlé. Ẹ pe ọmọ Ìbàdàn ní àlejò nínú ilé baba rẹ̀, kí ẹ wá wo ìjà. A kò jọ ṣe ìgbéyàwó mọ́, a kò jọ sin òkú. Ní 2021, wọ́n kó búlọ́ọ̀kù wá láti fi ògiri la àgbàlá sí méjì.

Màmá, gẹ́gẹ́ bí àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin ilé, pe ìpàdé. Wọn kò wá ẹni tó jàre. Wọ́n ní kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sọ ìtàn ẹ̀ka kejì, títí àwọn tó ni ín yóò fi gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Bàbá Ifáwálé, olórí ẹ̀ka Ifáyẹmí, sọ ti jagunjagun. Ẹ̀ka Ògúnrìndé ní ẹ̀gàn wà nínú rẹ̀, kí ó tún un sọ; ó sì tún un sọ títí wọ́n fi gbà. Àlàájì Màmúdù, àgbà ẹ̀ka Ògúnrìndé, wá sọ ti Ifáyẹmí. Nígbà tí ó dé ibi tí Ifáyẹmí ti sin àkọ́bí rẹ̀ sí àgbàlá wa, ó tún gbólóhùn náà sọ lẹ́ẹ̀kejì. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ, kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ rí.

A gbà pé a ó máa jẹ mọ́gàjí ní ẹ̀ka dé ẹ̀ka, Bàbá Ifáwálé sì kọ́kọ́ jẹ ní 2022. Búlọ́ọ̀kù wọ̀nyẹn ni a fi kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí gbogbo wa ń lò.

Màmá sùn nínú Olúwa ní oṣù kejì ọdún yìí. Wọ́n fi ọmọ méjì sílẹ̀, Tẹniọlá àti Olúwapẹ̀lúmi, pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ: Olúwafẹ́rànmí, Hikmat àti Jubril.

Ìjà tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé yìí. Àwọn kan ní kí a yọ Ifádùnní kúrò lára orúkọ wọn. Àwọn mìíràn ní bí a bá yọ ọ́, àwọn kò ní wá. Mọ́gàjí Ifáwálé ló dìde, ó ní òun ni òun yóò kọ ìpínrọ̀ ti ìjọ. Òun ló kọ èyí tí ẹ kà nípa Ìhìnrere mẹ́rin. Tẹniọlá, tí ó jẹ́ ìyá ìjọ, ló kọ ti orúkọ Ifádùnní. Ní àárọ̀ yìí, ẹ̀ka méjèèjì jọ gbẹ́ ilẹ̀ Màmá.

Rachel, Ifádùnní, ìyá wa, a dúpẹ́. Kí ilẹ̀ tí ọwọ́ gbogbo wa gbẹ́ tù yín lára. Ẹ sùn re o.