Ẹ̀rọ Òkè Bọ́lá àti Ojúgun Mi

Ajé, 5/8/91
Mo ti lọ. Ojú tì mí gan-an. Èmi Gàníyù, ọmọ ilé àwọn tí ń to eegun ní Bẹyẹrúnkà, tí wọ́n ń gbé aláìsàn wá bá láti Ìsẹ́yìn — èmi ni mo wọ ọsibítù aládàáni kan ní Òkè Bọ́lá nítorí ojúgun ara mi. Mo fa fìlà bo ojú. Mo sọ fún wọn nílé pé òrí ni mò ń lọ rà ní Mọ́lété.

Dókítà Ọlátúndé gbé fọ́tò egungun mi sókè sí iná. Ó ní eegun ò so, àlàfo ṣì wà níbẹ̀. Ó bi mí ta ló tò ó. Mo ní bàbá kan lábúlé. Irọ́ ni. Àbúrò mi Àkíbù ló tò ó, ó sì tò ó dáadáa.

Ìṣẹ́gun, 6/8/91
Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn Mápó ní oṣù kìíní ọdún. Àkíbù to ẹsẹ̀ mi, ó fi ọparun há a. A wá ṣẹ́ adìyẹ lẹ́sẹ̀ bí a ti máa ń ṣe nílé wa: a ó tò ó, a ó fi oògùn kan náà sí i, ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn ni aláìsàn náà yóò tú igi ẹsẹ̀ rẹ̀.

Adìyẹ rìn. Àkíbù bẹ̀ mí, ó ní kí n ṣì ní sùúrù, pé eegun àgbà kì í yára. Mo bi í bóyá òun ló fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ bàbá wa. Mo tú igi, mo rìn jáde lójú gbogbo agbo ilé. Ẹsẹ̀ ká lábẹ́ mi. Wọ́n tún un tò, kò so. Agídí mi ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Àkíbù ni gbogbo àdúgbò ń bú.

Ọjọ́bọ̀, 15/8/91
Ẹ̀rọ náà — Onítíkítíkí ni mo sọ ọ́. Waya ni wọ́n ká bí òṣùká, tí wọ́n fi rọ́bà bò. Wọ́n á fi yí ojúgun mi ká, wọ́n á tan iná sí i. Tí-tí-tí. Kò gbóná, kò ta mí. Dókítà ní agbára mágínẹ́ẹ̀tì ni, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń jí eegun tó ti sùn. Díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín.

NẸ́PÀ mú iná lọ. A jókòó, a ń retí kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Ni Nọ́ọ̀sì Bertha bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pe orúkọ mi tòun ti agbo ilé mi. Obìnrin kan gbójú sókè, ó bi mí bóyá ilé àwọn tó ń to eegun yẹn náà ni. Mo ní rárá o, orúkọ ló jọra.

Mo sẹ́ bàbá mi nítorí tí-tí-tí.

Àìkú, 1/9/91
Ìrora dín. Ó dín lóòótọ́.

Ọjọ́bọ̀, 19/9/91
Kékeré — Àkíbù náà ni, bí mo ṣe máa ń pè é nígbà tó wà ní jòjòló — ṣì ń kúnlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ń fi òrí ra ẹsẹ̀ mi. Àwọn aláìsàn ti ń sá fún un láti ìgbà tí tèmi ti kọ̀. Lónìí ó tẹ ibẹ̀, n ò pariwo. Ojú rẹ̀ là. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i pé ó ń so?" Mo ní mo rí i. Mo fi ọ̀rọ̀ Òkè Bọ́lá pamọ́ fún un. Ojo ni mí.

Ọjọ́rú, 23/10/91
Ó so! Mo rí i nínú fọ́tò. Mo sunkún níwájú Bertha. Dókítà ní kí n jọ̀wọ́ máa sọ fún àwọn tí tiwọn náà kọ̀ tí kò so, kí wọ́n tètè máa wá. Mo ní màá sọ.

Àbámẹ́ta, 26/10/91
Mo rìn dé Ọjà'ba láìmú ọ̀pá. Kí n tó padà dé, Àkíbù ti pe àáfà, ó ti pe aládùúgbò. Wọ́n ṣàdúà, wọ́n ní ọwọ́ bàbá wa ò parun nílé yìí. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jókòó. Mo ní màá sọ fún un tí èrò bá túká.

Èrò ò tíì túká tí takisí kan fi dúró. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, Ọ̀ṣuntúndé ló ń jẹ́, òun àti ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn Ọ̀ṣunlọlá. Egungun itan ọmọ náà ti kán tipẹ́, wọ́n ti tò ó níbòmíràn, kò so. Òkè Bọ́lá ni wọ́n ń gbé e lọ. Wọ́n dé Bẹẹrẹ, wọ́n gbọ́ pé Gàníyù ti dìde, ni wọ́n bá ní kí awakọ̀ yí padà.

Ọkùnrin náà ò wo Àkíbù. Èmi ló ń wò. "Bàbá, ọ̀rọ̀ ọmọ ni, ẹ má tàn mí. Ṣé oògùn ilé yín nìkan ló wo ẹsẹ̀ yín sàn?"

Gbogbo ojú wà lára mi. Àkíbù ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí ẹnu mi.

Mo ní, "Òun nìkan ni."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó gbé ọmọ rẹ̀ wọlé, lẹ́yìn náà ó jáde lọ sọ fún onítakisí pé kó máa lọ.