Èyí Tí Yóò Pẹ́ Ni Mo Mú

Màámi,

Ẹ kú àárò mi. Ara mi le, kò kàn fẹ́ balẹ̀ ni.

Iléeṣẹ́ wa fẹ́ máa fi ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan ṣàkóso ọjà àti oníbàárà. Èmi ni wọ́n ní kí n yan irú Linux, ètò ìpìlẹ̀ tí yóò máa darí kọ̀ǹpútà tó máa gbé e. Ó wá ku méjì. Ọ̀kan ń yí padà lóṣù mẹ́fà mẹ́fà bí ọmọge tó ń pààrọ̀ irun. Èkejì ò lẹ́wà, àmọ́ ọdún mẹ́wàá ni àwọn tó ṣe é yóò fi máa tọ́jú rẹ̀. Mo rìn yí tábìlì ká títí akọ̀wé fi pariwo: "Jókòó, òòyì ń kọ́ mi!"

Mo mú èyí tí yóò pẹ́. Inú ọ̀gá dùn. Wọ́n ní, "O ṣeun. Kọ bó o ṣe tò ó sílẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ lè rí i kà."

Mi ò bi wọ́n pé ta ló ń bọ̀. Mo ti kọ ojú ìwé mọ́kànlélógún.

Ẹ ní kí àbúrò mi tó fẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ṣì ní sùúrù ná; yàrá mi kéré fún ẹni méjì. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa.

Èmi ọmọ yín.