Aago Tí Wọ́n Tì Síwájú ní Lọ́ńdọ̀nù

Ilé Àjàgbé,
Ẹlẹ́yẹlé, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹrin, 2026.

Ìrètíolúwa ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti dínkù, ṣé ikọ́ tó ń bá ọ jà ní oṣù Kejì ti fi ọ́ sílẹ̀? Mo bẹ Ọlọ́run pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ara líle. Ara tiwa náà le. Ìyá rẹ ń jẹun dáadáa, orókùn mi ló kàn ń dùn mí díẹ̀díẹ̀, bó ti máa ń ṣe tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ tí mo bá pè ọ́, wàá ti sọ tìrẹ kí n tó sọ tèmi tán, mo sì máa tún gbà ọ́ gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ rẹ ṣe lọ, nítorí o kò tíì bi mí léèrè. Ọjọ́ Ìsinmi ni, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta. A kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, a kò tilẹ̀ ya ilé, àwa mẹ́jọ pẹ̀lú Pásítọ̀, ó di ilé Dókítà Olúdọ̀tun, bàbá Ọmọ́fẹ́, ní Bódìjà. Aago mẹ́rin ni àdéhùn, aago méjì ààbọ̀ la ti dé, nítorí wọ́n ní ká kọ́kọ́ dán íńtánẹ́ẹ̀tì wò. Wọ́n ti so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri, ibẹ̀ ni ojú rẹ yóò ti yọ. Ìyá rẹ ń fi etí ìró rẹ̀ nu tẹlifíṣọ̀n onítẹlifíṣọ̀n, ó ní eruku kò gbọdọ̀ bo ojú ọmọ òun. Aago mẹ́rin lù, a ò rí ọ. Márùn-ún lù. Mẹ́fà lù. Ọmọ́fẹ́ wà nínú yàrá pẹ̀lú ìbòjú lórí, ó ń retí kí wọ́n pe òun jáde. Wọn kò pè é. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀, Dókítà dìde, ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn fún wa. Ìrètí, mo ti darúgbó, ojú kò tì mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgbà tí a délé ni ọ̀rọ̀ rẹ wọlé lórí Wásáàpù. O ní: “Bàbá mi, ẹ dákun. Òru àná ni wọ́n ti aago síwájú níbí, kọ̀ǹpútà mi wá da gbogbo ẹ̀ rú. Nígbà tí mo fi máa wọlé, ẹ ti lọ.” Ṣé o mọ̀ pé inú mi dùn? Mo pariwo pe ìyá rẹ, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wo aago fún ọkọ̀ ojú irin ní Dùgbẹ̀, mo mọ ohun tí aago lè fi ojú èèyàn rí. Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo padà lọ bá Dókítà. Mo ṣí fìlà, mo ròyìn aago àwọn òyìnbó fún un. Mo ní, “Ọmọ tèmi kì í purọ́.” Ó gbà. Ó ní ká tún ọjọ́ mìíràn dá.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Agbowó, níbi tí Ọmọ́fẹ́ ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ tù ú nínú ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í là á yé e bí wọ́n ṣe ń ti aago. Èmi, lọ́dọ̀ ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun! Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló ní, “Bàbá, ẹ jókòó.”

Ó ní kọ̀ǹpútà kì í tọ́jú aago Lọ́ńdọ̀nù tàbí tiwa sínú ara rẹ̀. Ó ní òǹkà kan ṣoṣo ni gbogbo kọ̀ǹpútà ayé jọ ń kà, ìṣẹ́jú àáyá lórí ìṣẹ́jú àáyá, ìjọba kankan kò sì lè tì í síwájú. Ìgbà tó bá fẹ́ fi aago han èèyàn ló máa wo orúkọ ìlú onítọ̀hún nínú ìwé kan tó wà nínú rẹ̀, ìwé tó sọ ọjọ́ tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń ti aago síwájú àti ọjọ́ tó ń dá a padà. Tí ìjọba kan bá yí òfin aago padà, àwọn tó ń tọ́jú ìwé náà á tún un kọ, wọn á sì fi ránṣẹ́ káàkiri. Mo ní kó fi Ìbàdàn hàn mí nínú ìwé náà. Kò sí Ìbàdàn níbẹ̀! Èkó ni wọ́n fi ṣojú gbogbo wa. Ìyẹn náà bí mi nínú díẹ̀.

Ọmọ́fẹ́ ní aago mẹ́rin Èkó lòun kọ sínú ìwé ìpè tí òun fi ránṣẹ́ sí ọ láti oṣù Kejì. Lójú ẹsẹ̀ ni kọ̀ǹpútà rẹ ti mọ̀ pé wọ́n á ti ti aago yín kó tó di ọjọ́ náà, àti pé tiyín àti tiwa á ti dọ́gba. Aago mẹ́rin ló kọ síwájú rẹ. Mo ṣì ń gbèjà rẹ, mo ní bóyá tìrẹ kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Bàbá, wákàtí kan péré ni wọ́n máa ń tì í. Tó bá ṣì í, á dé ní aago mẹ́ta, tàbí kó dé ní márùn-ún. Ẹ̀yin wà níbẹ̀ láti méjì ààbọ̀ títí di mẹ́fà ààbọ̀.” Èmi òṣìṣẹ́ rélùwéè, n kò ro ìyẹn.

Mo ní kó fi gbogbo rẹ̀ hàn mí. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ síwájú mi. Orúkọ Ọmọ́fẹ́ ni wọ́n fi ṣí ìpàdé orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà, kọ̀ǹpútà sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wọlé sílẹ̀. Ìrètíolúwa Àjàgbé wọlé ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjì. Ó jáde ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. O kò tan àwòrán, o kò tan ohùn. Àsìkò yẹn ni gbogbo wa di ojú, tí Pásítọ̀ ń bẹ Ọlọ́run pé kó mú ọ wọlé láìsí ìdíwọ́. Kọ̀ǹpútà rẹ kò da nǹkan kan rú, ọmọ mi. O dé lásìkò. O wò wá, o sì jáde.

O dà mí. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Ká ní o sọ pé o kò fẹ́ mọ́, ǹ bá bínú, ǹ bá sì gbàgbé. Àmọ́ o gbé irọ́ lé mi lọ́wọ́, o jẹ́ kí n ṣí fìlà nítorí rẹ̀ nílé onílé. Ọdún mẹ́rin ni Ọmọ́fẹ́ fi dúró dè ọ́. Iṣẹ́ kan wà fún un ní Àbújá, ó ti sọ fún wọn nígbà kan pé òun kò lè wá nítorí pé ọkọ òun máa mú òun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n tún ti kọ̀wé sí i. Ìparí oṣù yìí ló gbọ́dọ̀ fèsì. Kò bú ọ. Ohun tó bẹ̀ mí ni pé kí n má sọ fún bàbá òun kí o tó bá òun sọ̀rọ̀. Nítorí náà, pè é kí oṣù tó parí. Tan àwòrán, jẹ́ kó rí ojú rẹ, kí o sì sọ òótọ́ fún un, ìbáà ṣe pé ẹlòmíràn wà lọ́hùn-ún.

Bí inú ṣe bí mi tó, n kò ní gbé ọ ṣépè. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, ọwọ́ rẹ kò ní di òfo ní ilẹ̀ àjèjì, ẹnikẹ́ni kò sì ní jẹ́ kí o dúró títí ilẹ̀ fi ṣú láìyọjú sí ọ.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Gbádérọ̀ Àjàgbé.

Àfikún: Ìyá rẹ kò tíì mọ̀ nípa ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn. Àárọ̀ òní ló tún ń bá ìyàwó Àdìó tó wà ní ìkejì ilé wa jà, ó ní aago àwọn òyìnbó ló fẹ́ ba ọmọ òun lórúkọ jẹ́. Ìwọ ni kí o sọ fún un. Èmi ò lè sọ ọ́.