Ojú Màmá Àgbà

Bọ̀dá Wagdi mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru Kuwait. Bàbá àti Màmá ń kí yín. Ikọ́ Bàbá ti fúyẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá wọ yunifásítì láti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò.

Ṣùgbọ́n nítorí pé máàkì mi ga, gbogbo ará ìlú wa Tanta ń pè mí ní "Dókítà", Màmá Àgbà sì gbà á gbọ́. Bàbá ní ká má sọ òótọ́ fún un, kí inú rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Ojú Màmá Àgbà ti ń ṣú, kò sì jẹ́ kí dókítà kankan fọwọ́ kàn án.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre! Ọmọ-ọmọ mi ló máa tọ́jú ẹ̀."

Tiyín nìkan ló máa ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é, kẹ́ ẹ sọ òótọ́ fún un. Ọlọ́run á jẹ́ kó fojú rí yín nígbà tẹ́ ẹ bá dé.

Lánàá, ó ní kí n wo ojú òun. Mo wò ó títí. Kò rí i pé mò ń sunkún.

Àbúrò yín,
Nagla