Òòyà àti Làbẹlàbẹ: Ìrìn Ayé Ìyá Onídìrí

Ìyá Onídìrí wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé, òòyà onígi lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń ya ewé gbígbẹ kúrò lára làbẹlàbẹ, nígbà tí ẹsẹ̀ wọn kọ̀, tí wọn kò lè dìde mọ́. Àbígbẹ̀yìn wọn sáré jáde. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un ni pé, "Rọra o, má tẹ èyí tó wà lẹ́yìn rẹ mọ́lẹ̀." Irú ẹni tí olóògbé jẹ́ nìyẹn.

A bí wọn ní ọdún 1943, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé alágbàfọ̀. Bíríkìlà ni bàbá wọn. Ìyá wọn ló ń fọ aṣọ níbẹ̀. Omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ a máa gba inú kòtò ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá, ibẹ̀ sì ni làbẹlàbẹ ń hù sí. Ó gé wọn lọ́wọ́ nígbà èwe. Àwọn ọmọ yòókù sá fún un. Olóògbé padà lọ wo ohun tó gé wọn. Wọ́n fi ìka méjì yí igi rẹ̀, wọ́n rí i pé kò rí róbótó bíi ti koríko. Igun mẹ́ta ló ní.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n jáde ní ọdún 1957. Wọ́n bi olùkọ́ wọn léèrè ìdí tí igi náà fi ní igun mẹ́ta. Olùkọ́ ní òun kò mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀, kí wọ́n wá sọ fún òun. Títí olùkọ́ náà fi darúgbó, bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, ìkíni rẹ̀ ni, "Ṣé o ti mọ̀ ọ́n?" Wọn á ní, "Ó kù díẹ̀, sà."

Wọ́n kọ́ṣẹ́ irun dídì. Ní ọdún 1966 wọ́n fẹ́ Baba Onígbàjámọ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni tọkọtaya ń lò, aṣọ ìkélé ló wà láàárín. Wọ́n ń di irun níhà kan, wọ́n ń fá a níhà kejì.

Ní ọdún 1979 wọ́n kó sí ilé ara wọn. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ rin, oòrùn kì í débẹ̀ dáadáa, òdòdó ń jẹrà níbẹ̀. Olóògbé rántí kòtò alágbàfọ̀. Wọ́n ra làbẹlàbẹ ọ̀ṣọ́, èyí tó ní ilà funfun létí ewé. Wọn kì í jẹ́ kí ìdí rẹ̀ gbẹ. Bí ìdì kan bá fẹ̀ jù, wọn á hú u, wọn á fi ọ̀bẹ là á sí méjì, wọn á tún un gbìn. Òòyà ni wọ́n fi ń ya ewé gbígbẹ, bí ẹni ń tú irun ọmọ.

Ní ọdún 1984 wọ́n lọ kí àkọ́bí wọn nílé ìwé. Baba Onígbàjámọ̀ fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Bàbá gé gbogbo làbẹlàbẹ náà kanlẹ̀, wọ́n tiẹ̀ gbá ibẹ̀.

"Bàbá wọn, ta ló ní kẹ́ ẹ fá a?"

"Ó ti kún jù. Orí tó bá kún, mo ń fá a ni."

"Orí yẹn á hù padà. Èyí ńkọ́?"

Bàbá kò mọ̀. Olóògbé náà kò mọ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń jáde lọ wò ó láràárọ̀. Làbẹlàbẹ tó máa ń gbẹ tán lọ́dọọdún ì bá hù. Irú tiwọn, tí ewé rẹ̀ kì í gbẹ tán, kò fẹ́ gígé kanlẹ̀. Kò hù.

Bàbá ra òmíràn wá fi bẹ̀bẹ̀. Àwọ̀ ewé gbígbẹ ló ní láti ìdí dé orí. Olóògbé wò ó títí.

"Ẹ pa tèmi, ẹ wá ra òkú dípò."

"Olódòdó ní ó wà láàyè."

Wọ́n tẹ ewé kan. Ó tẹ̀, ó padà sípò. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, abẹ ìfárí kò kọjá ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn mọ́. Ní ọdún 2003, Bàbá sùn nínú Olúwa. Olóògbé wá ń pe ìdì tí Bàbá rà yẹn ní Làbẹlàbẹ Bàbá.

Onígbàgbọ́ ni wọ́n. Wọn kì í pẹ́ dé ilé ìjọsìn, àfi bí wọ́n bá rí ewéko tí wọn kò mọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí àgbàrá ń jẹ ilẹ̀ ìdí ilé ìwòsàn àdúgbò, wọ́n kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n gbin làbẹlàbẹ sí etí rẹ̀. Ilẹ̀ náà dúró.

Lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ kọ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Ìtọ́jú wọn gba gbogbo ilé lọ́kàn, kò sẹ́ni tó rántí bu omi. Àbígbẹ̀yìn ní Làbẹlàbẹ Bàbá ti kú, ó fẹ́ hú u dànù.

"Tẹ̀ ẹ́ wò ná," ni ìdáhùn wọn látorí ibùsùn. "Bó bá kán, ó ti kú. Bó bá padà, má bá mi pa á o."

Àbígbẹ̀yìn dúró lẹ́yìn fèrèsé, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń kán.

"Apá rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ògiri ńkọ́?"

Àbígbẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

"Má parọ́ fún mi o."

"Mọ́mì, ó padà."

"Hẹn-ẹ́n. Gbé e wá kí n rí i."

A gbìn ín sínú ike, a gbé e sójú fèrèsé wọn. Wọ́n fi ìka méjì yí igi rẹ̀. "Mẹ́ta náà ni," ni wọ́n sọ. Wọ́n sùn nínú oṣù kejì ọdún 2022. Wọn kò rí ìdí tó fi jẹ́ mẹ́ta.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni àkọ́bí wọn ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ ojú irin. Ìkejì rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Àbígbẹ̀yìn, tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wọn báyìí. Àwọn ọmọọmọ, àti àbúrò wọn ọkùnrin kan.

Ìyá Onídìrí, ẹ sinmi ní àlàáfíà. Kí ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ràn rọ̀ yín lọ́rùn.

Ìdì làbẹlàbẹ kan ló kù. Ó wà nínú ike lójú fèrèsé. Àbígbẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́ lánàá, ó padà.