Eegun Ẹtu, Eegun Ewúrẹ́: Ìgbésí Ayé Bàbá Barnabas Ọlọ́runnísọ̀lá

Odigbo ni wọ́n bí Bàbá Barnabas Ọlọ́runnísọ̀lá sí ní 1934, ọmọ Abraham, àgbẹ̀ kòkó, àti Monílọ́lá. Ibẹ̀ náà ni wọ́n bí Pius sí, àbúrò wọn tó ṣẹ̀ wọ́n ní 1961, tí kò sì jẹ́wọ́ fún ọdún mẹ́tàdínlógójì.

Ìbínú Pius ti pẹ́. Ní 1946, bàbá wọn mú un kúrò ní kíláàsì kẹta kí ó wá ro oko, ṣùgbọ́n Barnabas ń bá ìwé lọ. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti dé fún ìsinmi, á le ojú koko, á ní, "Tíṣà, ẹ káàbọ̀."

Ní 1958, Bàbá fẹ́ Ọládùnní, ọmọ ìlú Ajue, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan ní Ore tó ń kó eegun jọ: ti òkété, ti ìgalà, ti ọ̀bọ. Bàbá á sè é títí ẹran á fi bọ́, wọ́n á fi ayùn gé e, wọ́n á lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí ìmọ́lẹ̀ á fi gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì kí dókítà lè fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Àpótí méje ló kún. Ìyàwó wọn a máa bi wọ́n pé, "Bàbá Olúbísí, èwo ni ká jẹ nínú ìkòkò méjèèjì yìí?"

Ní oṣù kẹta 1961, Pius wá kí wọn. Eegun ẹtu àti eegun ewúrẹ́ wà nínú oòrùn, wọ́n fi òwú so pélébé ìwé tí wọ́n kọ orúkọ ẹranko sí mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pius pààrọ̀ ìwé méjèèjì. Ó kàn fẹ́ kí dókítà bú ẹ̀gbọ́n òun lẹ́ẹ̀kan ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà wo gíláàsì, tó rí i pé orúkọ kò bá eegun mu, ó ní òun kò lè gba ohun tó wà nínú àpótí méjèèje gbọ́ mọ́, ó sì lé Bàbá lẹ́nu iṣẹ́.

Bàbá padà sí oko kòkó. Wọ́n ṣe akọ̀wé ìjọ Aládùúrà wa fún ọdún méjìlélógún, ṣùgbọ́n wọn kò fọkàn tán ojú ara wọn mọ́. Kí wọ́n tó ka orúkọ ọmọ tuntun fún ìjọ, wọ́n á kọ́kọ́ na ìwé sí Pius: "Bá mi wò ó. Ojú mi máa ń ṣì." Pius tó fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta á wò ó, á ní, "Ó pé, Bùrọ̀dá."

Bàbá fi ìyàwó sílẹ̀, àti ọmọ mẹ́ta, Olúbísí, Bándélé àti Ọlọ́runbùnmi, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mọ́kànlá. Orúkọ èyí tó kéré jù, Ọlọ́runtóbi, ni wọ́n kọ lórí ibùsùn ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ikú wọn ní 1998, wọ́n sì na ìwé náà sí Pius.

Pius kò gbà á. Ó ní, "Bùrọ̀dá, èmi ni mo pààrọ̀ ìwé eegun yẹn."

Bàbá gbé ìwé náà sílẹ̀. Wọ́n wá ní, "Sọ ọ́ sókè, kí Ìyá Olúbísí gbọ́."

Pius dìde dúró, ó sọ ọ́ sókè, gbogbo wa tí a wà nínú ilé sì gbọ́: "Ojú ẹ̀gbọ́n mi kò ṣì. Èmi ni."

Ẹ sùn re o, Bàbá. Ojú yín kò ṣì rí.