Aládùúgbò Tí Wọ́n Háyà

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Karùn-ún
Iṣẹ́ dé, iṣẹ́ ẹ̀sín. Iléeṣẹ́ tó ń kọ́lé tà fáwọn àjèjì ní sóònù (àdúgbò olódi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn; ibẹ̀ nìkan ni òfin ti gbà kí wọ́n ra ilé) háyà èmi àti ìyá àwọn ọmọ pé ká máa ṣe bí ẹni ń gbé ibẹ̀. Òpópónà náà ṣófo bí ikùn aláàwẹ̀. Kí oníbàárà má bàa sá, ká sá aṣọ sórí okùn, ká jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, ká máa rẹ́rìn-ín. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, a ó gba ilé wa lọ. Àgbà bíi tèmi.

Ọjọ́rú, 6
Aṣọ ọjọ́ Ajé náà la tún sá. Ó ti gbẹ gan-an. Ìyá àwọn ọmọ ń bu omi wọ́n ọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Oníbàárà kan yọjú, àjèjì tó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ wọn, tó sì gbọ́ èdè wa. Mo sọ ọ́ ní Onífìlà. Fìlà ọ̀hún tó òrùlé. Ó ń tẹ ògiri wò bí ẹni ń yẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò bóyá ó pọ́n. Kò bi Màdámù Ẹ̀rín, obìnrin tó ń bá iléeṣẹ́ tajà, léèrè ìpìlẹ̀, kò béèrè omi. Èmi ló bi: ṣé ibí ṣeé gbé? Mo ní a ti pẹ́ níbẹ̀, ara tù wá. Irọ́ náà yọ̀ jáde bí òróró. Ọlọ́gbọ́n òkè òkun! Pátá tí a sá sórí okùn ló rí tó fi ra ilé.

Ọjọ́ Ajé, 18
Onífìlà kó dé—ìyá rẹ̀ arúgbó ló kó dé. Onífìlà fúnra rẹ̀ ń rìnrìn àjò iṣẹ́ títí di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lé ìyàwó mi lọ́wọ́. "Màdámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi yọjú sí màmá. Torí yín ni mo fi rà á." Ìyàwó mi ò wojú mi. Èmi náà ń wo fìlà.

Ọjọ́rú, 20
Màmá ò gbédè wa, a ò gbọ́ tiwọn. Síbẹ̀ àwọn àti ìyàwó mi ti ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Obìnrin!

Ọjọ́bọ̀, 21
Màdámù Ẹ̀rín ní ilé òpópónà yẹn ti tà tán, ká dá kọ́kọ́rọ́ wa padà, ká máa lọ lọ́la. Mo béèrè àwọn tó rà á. Ó ní wọ́n kàn rà á sílẹ̀ ni, wọn ò ní gbé e. Mo ní màmá ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rín. "Ẹ̀gbọ́n, ilé la tà fún un. A ò ta aládùúgbò."
Mo ní kò burú. Ojo ni mí ni, àbí òótọ́ ló sọ?

Ọjọ́ Ẹtì, 22
A kó jáde. Màmá ń juwọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n rò pé ọjà la ń lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23
Mo jí, ìyàwó ò sí nílé. Ó dé lọ́sàn-án, màmá rọ̀ mọ́ ọn lápá. Mo ní ṣé orí ẹ pé—àjèjì ò gbọdọ̀ sùn níta ògiri sóònù, ọlọ́pàá á kó gbogbo wa. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ̀yin lẹ sọ fọ́mọ màmá pé aládùúgbò ni wá. Àbí ẹ parọ́ ni?"
Màmá bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sórí àga mi.

Ọjọ́ Àìkú, 24
Onífìlà ń dé lónìí. Mi ò ní rán ẹnikẹ́ni. Èmi fúnra mi ni n ó lọ dúró ní géètì sóònù, kí n sọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà fún un, kí n sì sọ ohun tó gbé wọn débẹ̀, títí kan irọ́ mi, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Mo ti múra tán. Màmá ṣì ń sùn.